Ẹ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi Télọ̀

Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ọjọ́ tó bá dá fún oníbàárà, tòun ti oníbàárà ló mọ̀ pé aṣọ ò ní jáde lọ́jọ́ náà. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì lé e. Nígbà tí dókítà wá sọ pé kòkòrò àrùn tó máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, pé kó máa wá yàwòrán ẹ̀dọ̀ lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, kí wọ́n lè tètè rí jẹjẹrẹ tó bá fẹ́ yọ́ wọlé, ọ̀gbẹ́ni rò pé irú ọjọ́ tòun ni wọ́n dá.

Oṣù mẹ́fà pé, ó ní aṣọ ìyàwó kan wà nílẹ̀. Ó di oṣù mẹ́wàá, ó ní kò síbi tó ń dun òun. Mo rán an létí pé ẹ̀dọ̀ yìí náà ló pa màmá wa, kò sì dun àwọn náà títí ó fi pẹ́ jù. Ó fi eyín di abẹ́rẹ́ mú, ó ń mi orí sí mi. Lóṣù kẹrìnlá, mo yọ wáyà ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀, mo ní tó bá fẹ́ ẹ, ká pàdé lọ́sibítù.

Obìnrin tó ń yàwòrán fi nǹkan tútù pa á níkùn, ó ń bá wa ṣàwàdà. Nígbà tí irinṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ dé abẹ́ ìhà ọ̀tún, ó dá ọwọ́ dúró. Ó padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń wọ̀n ọ́n.

Dókítà ní ohun kan wà níbẹ̀ tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Òun ò lè sọ bóyá jẹjẹrẹ ni, àfi tí wọ́n bá ya àwòrán mìíràn lọ́jọ́bọ. Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé ká ní òun tètè wá ńkọ́. Dókítà ní kó ṣáà má pa Ọjọ́bọ jẹ. Ni mo bá bú ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀ tẹkúntẹkún, mo ní olóríkunkun ni, ó fẹ́ fi mí sílẹ̀ lémi nìkan.

Dókítà jẹ́ kí n sọ tán. Ó bi mí bóyá ìyá kan náà ló bí wa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kòkòrò yẹn lè ti ara ìyá bọ́ sára ọmọ nígbà ìbímọ.

"Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Ìgbà wo lẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ tiyín wò?"

N kò yẹ̀ ẹ́ wò rí. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí màmá ti kú. Mo ń wá irọ́ tí mo lè pa.

Nọ́ọ̀sì gbé abẹ́rẹ́ dé láti gba ẹ̀jẹ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó fúnra ẹ̀ ká ọwọ́ aṣọ mi sókè.

"Na apá ẹ," ó ní.