Alárinà Tó Wá Láti Òkè Òkun

Bàbá mi kò fẹ́ràn aago. Wọ́n ní aago máa ń purọ́, ojú ọ̀run kì í purọ́. Òfin tí wọ́n fi lélẹ̀ fún ọkùnrin tó bá wá kí mi nílé wa ní Lọ́kọ́jà kò le: bí ojú ọ̀run bá ṣì pọ́n lórí Òkè Patí, kó jókòó; bí pupa yẹn bá ti lọ, kó dìde.

Òfin yìí kò gbe ará Yàgbà tí mo fẹ́ràn rárá. Akọ̀wé ni, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń wọn òjò, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ a sì máa rìn bí ìgbín. Yóò kí bàbá mi, yóò kí oko, yóò kí ewúrẹ́. Kó tó ní, “Bàbá, ohun tí mo bá wá…”, ilẹ̀ ti ṣú. Bàbá mi á kí i ní ìkíni ilẹ̀ wa pé, “Òkun o. Ó dàárọ̀.” Inú á bí mi bí i pé kí n fi ọwọ́ fa ọ̀rọ̀ náà jáde. Ọ́fíìsì rẹ̀ sì ń gbé e lọ sí Kàdúnà lópin oṣù. Bí kò bá tọrọ mi kó tó lọ, ọmọ ọ̀rẹ́ bàbá mi tó ń ta sìmẹ́ńtì ni yóò fẹ́ mi.

Àfi bí ilẹ̀ ṣe kọ̀ tí kò tètè ṣú mọ́. Oòrùn á wọ̀ tán, pupa á ṣì wà lórí òkè, lórí igbó àwọn Òwórò, títí ọbẹ̀ á fi tutù. Ìyá mi rò pé iná oko ni. Bàbá mi ń wo òkè bí ẹni tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ yíhùn padà ní kóòtù.

“Bàbá,” ni àlejò mi wí, “òkè kan ló bú gbàù lókè òkun. Èéfín rẹ̀ ga kọjá ibi tí òjò ti ń wá, òjò kò lè fọ̀ ọ́ kúrò. Atẹ́gùn wá gbé e dé orí igbó wa. Bí oòrùn bá wọ̀ lójú tiwa, èéfín tó wà lókè ṣì ń rí i.”

Odidi ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ló fi ṣàlàyé èyí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

“Èéfín òkè olókè ló wá ń fún ọ láyè nílé mi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín.”

N kò gbọ́ kó yára sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá mi wo ojú ọ̀run. Ó ṣì pọ́n. Wọ́n ní kó jókòó.

Nígbà tí àwọn ẹbí rẹ̀ wá béèrè alárinà wa, bàbá mi ní, “Òkè kan ni. N kò mọ orúkọ rẹ̀, kò sì ní jẹun.”

A gbé àkọ́bí wa wálé láti Kàdúnà. Ìyá mi ní pupa ọjọ́sí kò sí mọ́. Bàbá mi ní, “Bójú bá mojú tán, alárinà á yẹ̀bá.” Ilẹ̀ sì ṣú lásìkò. Ọkọ mi ṣì ń kí ewúrẹ́ lọ́wọ́.