Bí a Bá Dákẹ́, Okùn Á Já

Ẹ fi sùúrù gbọ́ ọ, nítorí ọ̀rọ̀ sùúrù ni. Ní ọdún tí àwọn ológun gba ìjọba, ọkọ mi ń wakọ̀ fún ọ̀gá ìjọba kan ní Parakú. Wọ́n yọ ọ̀gá náà. Láti ìgbà náà, a kò gbúròó ọkọ mi mọ́. Ilé wa ní Àjàṣẹ́ wá dàbí ilé tí wọ́n tì láti ìta. Ìyá ọkọ mi kì í jẹun tán. Èmi náà kì í sọ ohun tí mò ń rò jáde.

Ìyá ní kí a lọ sí pọ́ọ̀sì, ilé ìfìwéránṣẹ́, níbi tí tẹlifóònù wà. Ọmọ àdúgbò wa kan ní bùtíkì ní Parakú, ó sì ní tẹlifóònù níbẹ̀. A tò títí, kí wọ́n tó tì wá mọ́ inú yàrá gíláàsì tóóró kan tí kò gbà ju ẹnìkan lọ. Ẹ̀yìn mi kan gíláàsì, ìgbọ̀nwọ́ Ìyá kan àyà mi. Oníbùtíkì gbọ́ ohùn wa, ó ní, "Ẹ dúró, mò ń bọ̀." Kò sọ pé ọmọ wà, kò sọ pé kò sí. A gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ, gbogbo nǹkan sì pa lọ́lọ́.

Ibẹ̀ ni obìnrin tó ń so okùn tẹlifóònù ti já wọlé: "Tẹ̀rìmìné?" Ó ń fi Faransé béèrè bóyá a ti parí.

"Ìyá, ẹ dá a lóhùn."

"Ta ni?"

"Obìnrin tó so wá pọ̀ ni."

"Kò kí mi. Ṣé bí wọ́n ṣe ń wọlé tọ àgbà nìyẹn?"

Kí n tó gba tẹlifóònù, okùn ti já. Akọ̀wé pọ́ọ̀sì tó jókòó nídìí fèrèsé rẹ́rìn-ín. "Màmá, bí ẹ bá ti dákẹ́, ó máa gbà pé ẹ ti lọ ni."

"Ẹni tó wà láàyè kì í dákẹ́ ni?"

"Níbí yìí, kì í dákẹ́. Ẹ lọ tò padà."

A tò padà. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyàwó oníbùtíkì ló gbé e: "Wọ́n ti lọ pè é wá, wọn ò tíì dé. Ẹ dúró." Ó gbé e kalẹ̀ láì pa á. Ìyá fẹnu mọ́ tẹlifóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ rẹ̀.

"Ọmọ onílé etí ọ̀sà, ọmọ afọkọ̀-gbéyọ̀-wọ̀lú, ọmọ asùn-gbọ́-ìró-omi..."

Ó ki baba, ó ki baba baba, ó kọjá sí ìdílé tí n kò gbọ́ rí. Bí ó bá dúró mí, obìnrin náà á tún já wọlé: "Tẹ̀rìmìné?" "Ó kù!" ni Ìyá á kígbe, á tún máa ki lọ. Òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Àwọn tó tò síta ń fi owó irin kan gíláàsì. Bí a bá jáde, okùn á já. Bí a bá dákẹ́, okùn á já. Oríkì tó máa ń mú orí ọmọ wú ti di ẹrù tí kò ṣeé sọ̀ kalẹ̀.

Ohùn rẹ̀ há. Oríkì tán lẹ́nu rẹ̀, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà náà ni a gbọ́ tí ẹnìkan mí kanlẹ̀.

"Ìyá."

"Ìwọ nù un? Láti ìgbà wo lo ti wà níbẹ̀?"

"Ó ti pẹ́. Ẹ̀ ń kì mí ni. Ta ní ń já oríkì ara ẹ̀ gbà lẹ́nu ìyá ẹ̀?"

"Oníranù! O fẹ́ pa mí sínú ìgò!"

Ìyá ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ọkọ mi ní ara òun le, wọn kò lu òun, ṣùgbọ́n wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, òun kò sì gbọdọ̀ kúrò ní Parakú títí wọn yóò fi bi òun léèrè nípa ọ̀gá òun. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí wọn yóò bi í.

Ìyá na tẹlifóònù sí mi. Kí ni n ó sọ? N kì í pe ọkọ mi lórúkọ. Èyí tí mo sì fi ń pè é ní yàrá kò ṣeé pè nígbà tí èémí ìyá rẹ̀ wà lọ́rùn mi. Mo gbọ́ èémí tirẹ̀ náà láti ọ̀nà jíjìn. A dákẹ́.

"Tẹ̀rìmìné?"

"Rárá o!" Mo ké e tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ìta fi yíjú. "A kò tíì parí!"

Mo gbọ́ ẹ̀rín ọkọ mi. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, okùn já fúnra rẹ̀.

Ọyẹ́ ti ń lọ kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà ni pé gbólóhùn yẹn ni òun fi ń sùn. Obìnrin okùn tẹlifóònù tí mo sọ ọ́ fún gan-an, n kò mọ ojú rẹ̀ títí di òní.