Bátìrì Tí A Sá Mọ́ Èlùbọ́

Bí mo bá ti gbọ́ òórùn iṣu bíbọ̀ tí wọ́n sá sórí àpáta fún èlùbọ́, Ṣakí ni ọkàn mi ń lọ, sí ìgbà ọyẹ́ kan ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí mo ń kọ́ni nílé-ìwé girama níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo la ní, a sì máa ń fi aṣọ bò ó bí ìyàwó tuntun. Inú rẹ̀ ni mo tẹ ìtàn tí ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, sọ fún mi kó tó kú lásìkò òjò tó ṣáájú ọyẹ́ náà sí: bí òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ ṣe fẹsẹ̀ rìn láti Kíṣí, ibi tí omi ti tán, ẹni tó bímọ lójú ọ̀nà. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo tẹ̀ ẹ́, n kò sì ní ẹ̀dà mìíràn.

Àfi bí mo ṣe tan ẹ̀rọ náà láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ní òun kò mọ ọjọ́ òní, òun kò sì mọ̀ pé òun ní dísìkì, ibi tó ń kó ohun tí a bá tẹ̀ pamọ́ sí, nínú. Mo bú sẹ́kún. Lójú mi, ìyá àgbà kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Tíṣà físíìsì ló ń tọ́jú ẹ̀rọ náà. Ahun ni, àmọ́ ó lẹ́rìn-ín lẹ́nu. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin ni ẹ̀rọ náà fi ń rántí ara rẹ̀ bí a bá pa á. Nígbà tí wọ́n rẹ̀, dípò kó ra tuntun, ó fi àwọn ògbólógbòó tó sá sórí àpáta kí oòrùn lè jí wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èlùbọ́ àwọn ìyá, rọ́pò wọn, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe fún ti rédíò; àwọn yẹn ló kú tí ẹ̀rọ fi gbàgbé.

“Ẹ má sunkún mọ́, Àǹtí,” ló wí. “Ọ̀nà yàrá rẹ̀ ló gbàgbé. Ẹrù ṣì wà nínú yàrá.”

“Bí kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́?”

“Kí ẹ lù mí.”

Ó lọ ra bátìrì tuntun, ó tú ikùn ẹ̀rọ, ó ka irú dísìkì tó wà níbẹ̀ lára dísìkì fúnra rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ fún ẹ̀rọ pẹ̀lú ọjọ́ tí a wà. Ó pa á, ó tún un tàn. Mo ṣí ìtàn mi. Ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà kọ́kọ́ sọ, tí mo fi ṣeré tẹ̀ síbẹ̀, ló yọ: “Ṣé o ti jẹun? Èmi kì í pìtàn fún ẹni tébi ń pa.”

“Rárá o, Màmá,” ni tíṣà dá a lóhùn, “láti àárọ̀ la ti wà níbí.”

Mo ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi. Inú mi dùn ju kí n sọ ọ́ lọ. Láti ọjọ́ náà, bí nǹkan bá fò mí lọ́kàn, n kì í tètè sọ pé ó ti sọnù.

Èmi àti tíṣà jọ lọ jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. A ṣì jọ ń jẹun títí dòní, àmọ́ èmi ni mo ń ra bátìrì ilé wa.