Sìmẹ́ǹtì Tó Gbé Ẹ̀jẹ̀ Mi Sókè

Ọ̀nà Paouignan ni àyà mi ti kọ́kọ́ já. Mo wà nínú táksí láàárín àpò ẹ̀pà mi nígbà tí ọkọ̀ àjàgbé kan kó sìmẹ́ǹtì kọjá. Kì í ṣe sìmẹ́ǹtì tiwa. Ni ọkàn mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì kì kì, òógùn bò mí, etí mi ń hó.

Mo ní "tiwa", ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ra ìpín nínú iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kan, ohun tí àwọn tó kàwé ń pè ní àkísíọ̀n. Rafiátù ọmọ mi ló bá mi fi í sórí fóònù. Ọjà Glazoué a máa ná, a sì máa tú. Ọjà ìpín orí fóònù yìí, tí iye owó rẹ̀ ń lọ sókè sódò, abẹ́ ìró mi ló ń ná sí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Aládùúgbò tó bá fi sìmẹ́ǹtì mìíràn mọlé, èmi àti ẹ̀ ti dọ̀tá.

"Ìyá Rafiátù," ọkọ mi ní, "ṣé ìwọ lo ni iléeṣẹ́ ni?"

"Mo ní ìpín ńbẹ̀!"

"Ìpín tí kò tó kọ́ balùwẹ̀."

Nígbà tí orí fífọ́ kò jẹ́ kí n sùn mọ́, ọkọ mi wọ́ mi lọ sílé ìwòsàn. Àga tí a fi ń dúró de dókítà le ju òkè Dassa lọ. Dókítà di nǹkan mọ́ mi lápá, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó ní mo ní tànsíọ̀n, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ ríru: ẹ̀jẹ̀ ń ti ògiri iṣan bí ẹni tó fẹ́ fọ́lẹ̀kùn. Ó ní ó lè di rọpárọsẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ló pa ẹ̀gbọ́n mi. Ó tún un wọ̀n, ó tún ti lọ sókè.

"Màmá, kí ló ń já yín láyà?"

Mo nawọ́ sí fèrèsé, níbi tí àwọn bíríkìlà ti ń tún ògiri ilé ìwòsàn ṣe. "Ẹ wo àpò sìmẹ́ǹtì yẹn!"

Ó yí àga mi padà.

Ó fún mi lóògùn àràárọ̀, ó dín iyọ̀ mi kù, ó ní kí Rafiátù yọ ọjà yẹn kúrò lórí fóònù mi. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni kó máa sọ iye owó ìpín fún mi, lẹ́yìn tí a bá wọn ẹ̀jẹ̀ tán. Lákọ̀ọ́kọ́, ọwọ́ mi ń wá fóònù bí arúgbó tó sọ tábà nù. Díẹ̀díẹ̀, oorun padà wá. Mo ṣì ń lo oògùn o. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í lọ, à ń ṣọ́ ọ ni.

Lóṣù tó kọjá, a wọ̀n ọ́n, ó dára. Rafiátù lanu láti sọ iye owó. Mo ní kó ṣì mú un dání.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ìpín, owó tó lè pẹ́ níta ni kẹ́ ẹ fi rà á. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọkàn tó ń lù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yìí. Mi ò fowó ra ọkàn, mi ò sì tíì dé ọjà tí wọ́n ti ń ta òmíràn.