Ilé Àgbà Tó Wà Lẹ́yìn Ààrò Búrẹ́dì

Gbogbo àdúgbò ṣì ń pè é ní Ìyá Oníbúrẹ́dì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń dúró nídìí ààrò báyìí. Orúnkún ló lé màmá kúrò níbẹ̀. Orúnkún kì í sì í bẹ èèyàn. Ọjọ́ tó bá ní òun ò gun àtẹ̀gùn mọ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Òkè pátápátá ni yàrá màmá wà, lórí ilé iṣẹ́ búrẹ́dì náà. Nígbà tó ṣubú lẹ́ẹ̀kejì lórí àtẹ̀gùn ọ̀hún, òun fúnra rẹ̀ ló pe àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì jókòó.

"Ẹ bá mi wá ilé àgbà kan," ó ní. "Ẹ má wulẹ̀ sunkún, mi ò tíì kú."

Àṣé ọmọ rẹ̀ obìnrin ti rí ibì kan kí màmá tó panu dé. Ilé náà dára, ká má purọ́: òdòdó yí i ká, omi ń tú sókè láàárín ọgbà, àga ibẹ̀ sì rọ̀ débi pé ẹni tó bá jókòó sí i á wá ẹni tó máa fà á dìde. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì méjì ni èèyàn máa wọ̀ kó tó débẹ̀. Ilé àgbà kejì ò lẹ́wà bẹ́ẹ̀, ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ ti ń ṣí. Àmọ́ ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ búrẹ́dì gan-an ló wà. Ẹni tó bá sín níbẹ̀, wọ́n á gbọ́ ọ nídìí ààrò.

Ohun kan ṣoṣo ló ń ba màmá lẹ́rù, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni: kí wọ́n má lọ gbé òun síbi tí wọ́n á ti gbàgbé òun. Iṣẹ́ ti gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin mì. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ á yí po, kò ní rójú gòkè, àfi "Màmá, ẹ káàárọ̀ o!" tó máa ń ké láti ìsàlẹ̀. Ìyá tó wà lókè àjà, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń kí i. Ìyá tó bá wà ní bọ́ọ̀sì méjì ńkọ́?

"Ọ̀la la máa lọ wò wọ́n," ọmọ obìnrin wí. "Lọ́wọ́ ọ̀sán."

"Ọ̀sán kẹ̀? Ta ni kì í túnra ṣe lọ́sàn-án? Ẹni tó bá fẹ́ mọ ilé búrẹ́dì, ìdájí ló ń lọ, kí wọ́n tó to búrẹ́dì sínú gíláàsì. Ìdájí la máa lọ."

Ọmọ obìnrin fẹ́ràn oorun rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló tó bá màmá jiyàn? Ìdájí ọjọ́ kejì, wọ́n dé ilé olódòdó. Géètì wà ní títì.

"Ẹ padà wá tó bá yá, màmá," aṣọ́nà ní. "Gbogbo wọn ṣì ń sùn."

Màmá gbójú sókè. Bàbá kan ti múra tán, ó dúró lẹ́yìn fèrèsé, ó gbé iwájú orí lé gíláàsì. Màmá juwọ́ sí i. Bàbá náà juwọ́ padà kíákíá.

"Èyí tó ń juwọ́ yìí, ṣé ojú oorun ló ti ń juwọ́?"

"Òfin ni, màmá. A kì í ṣílẹ̀kùn fún wọn títí aago á fi lù."

"Ẹni tó sùn là ń jí," màmá ní. "Ẹ̀yin, ẹni tó jí lẹ ń tì mọ́lé." Ó yíjú padà. Àánú bàbá yẹn ṣe é títí wọ́n fi délé.

Ìdájí ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n lọ sí ilé kejì. Iná ti tàn ní kíṣìnnì. Nọ́ọ̀sì abara-gbẹ̀ǹdẹ̀kẹ̀ kan ló ṣílẹ̀kùn. "Ẹ wọlé, màmá, ẹ má dúró sínú òtútù." Àwọn àgbà mẹ́ta ló wà nídìí tábìlì, wọ́n ń mu tíì.

"Ṣé ẹ̀yin kì í sùn ni?" màmá bi wọ́n.

"A ti sùn tán," bàbá kan tó ti wa ọkọ̀ ojú irin rí dáhùn. "Oorun àgbà kẹ̀, ṣé ó máa ń pẹ́ ni?"

"A kì í jí ẹnikẹ́ni níbí," nọ́ọ̀sì wí, "a kì í sì í lé ẹnikẹ́ni padà sórí ibùsùn."

Ara màmá balẹ̀. Ó mú búrẹ́dì tó wà lórí tábìlì, ó dà á dojú dé, ó fi oríkèé ìka kan ìdí rẹ̀, ó dẹtí. Búrẹ́dì tó bá jiná dáadáa máa ń dún bí àpótí òfìfo. Èyí ò dún rárá.

"Ibo lẹ ti ra èyí?"

Nọ́ọ̀sì nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, sí ilé iṣẹ́ búrẹ́dì. Ojú ti màmá bí ẹni pé òun ló yọ ọ́ nínú ààrò.

"Ẹ gbé e padà fún un. Ẹ ní ìyá rẹ̀ ló ní kò jiná."

Kò pẹ́ tí ọmọ ọkùnrin fi já wọlé, ìyẹ̀fun kún irùngbọ̀n rẹ̀, búrẹ́dì tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jiyàn, ó rojọ́, ó di ẹ̀bi ru igi ìdáná. Níkẹyìn ó jókòó, wọ́n bu tíì fún un. Màmá ò tiẹ̀ gbọ́ àwíjàre rẹ̀ mọ́. Ohun tó ń wò ni pé ọmọ òun jókòó ti òun.

"Màmá, òdòdó yẹn ńkọ́?" ọmọ obìnrin bi í jẹ́jẹ́.

"Máa bá mi lọ wò ó lọ́jọ́ ìsinmi. Ibí ni màá máa gbé."

Láti ìgbà tí màmá ti kó lọ síbẹ̀, ọmọ ọkùnrin ló ń gbé búrẹ́dì ìdájí wá fúnra rẹ̀. Màmá á kan ìdí rẹ̀, á sọ àbùkù rẹ̀, ọmọ á jókòó gbèjà ara rẹ̀, àwọn yòókù á máa rẹ́rìn-ín. Inú màmá ń dùn, ó tún ti ń sanra.

Lọ́jọ́ kan, ó kan búrẹ́dì, ó sì dún ketekete. Awakọ̀ ojú irin pàápàá gbọ́ ọ. Màmá gbé e kalẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣe búrẹ́dì, kò purọ́ mọ́ ọn rí.

"Kò tíì jiná tó," ó ní. "Mú òmíràn wá lọ́la."

Ọmọ rẹ̀ wo búrẹ́dì, ó wo ìyá rẹ̀. Òun náà ti kan ìdí rẹ̀ kó tó kúrò nídìí ààrò.

"Mo gbọ́, màmá," ó ní, ó sì fa àga jókòó. "Mà á mú òmíràn wá lọ́la."