Ọ̀rẹ́ Màmá ní Etí Òkun Kípírù

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aládùúgbò wa kan ń yan ẹja lórí èédú lẹ́yìn ilé rẹ̀, nítòsí adágún omi Thamesmead ní ìlú ọba níbí. Ó fún ọsàn kíkan sí i lára. Bí òórùn yẹn ṣe gba ojú fèrèsé wọlé, ṣe ni mo jókòó, mi ò lè ṣe nǹkan mìíràn mọ́. Àwọn ọmọ mi rò pé ó rẹ̀ mí. Kò rẹ̀ mí. Mo ti padà di ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ní erékùṣù Kípírù, èyí tí ẹ máa ń kà nípa rẹ̀ nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dùbúlẹ̀ fi fóònù ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú lónìí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí tiwa ṣe rí. Họ́lídè tiwa nígbà yẹn kò ju kí a wọ bọ́ọ̀sì dé Woolwich, kí a bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èèyàn sọdá odò Thames lọ́fẹ̀ẹ́, kí a dé òdìkejì, kí a sì tún bá a padà.

Ọdún yẹn ni bàbá àgbà wa kú ní Ẹ̀pẹ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, Mọ́mì lọ mú ìyá wọn wá sọ́dọ̀ wa. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ẹja ni Màmá ti ń yan tà láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn, ẹnu wọn kì í sì í dákẹ́. Ṣùgbọ́n ní Thamesmead, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n máa ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu wọn. Wọn ò sunkún níbi ìsìnkú, wọn ò sì sunkún lọ́dọ̀ wa. Mo gbọ́ tí Mọ́mì ń sọ fún Dádì pé ẹ̀rù ń ba òun, pé ẹni tí kò jẹun, tí kò sì sunkún, ó dà bí ẹni pé ó ti ń di ẹrù àtibá òkú lọ ni.

Nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì. Àǹtí Eleni, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Kípírù ni. Òun ló ní kí a gbé Màmá lọ sí ilé ìyá òun ní etí òkun. Dádì kò rí ààyè níbi iṣẹ́, nítorí náà èmi, Mọ́mì àti Màmá la bá a lọ.

Abúlé náà kò tóbi. Ilé funfun kún ibẹ̀, wọ́n sì so ọkọ̀ àwọn apẹja mọ́ èbúté bí ẹní so ewúrẹ́. Omi òkun mọ́ débi pé mò ń rí ìka ẹsẹ̀ mi nínú rẹ̀, èmi tí mo rò pé gbogbo omi ńlá ló máa ń ní àwọ̀ tíì onímílíìkì bíi ti Thames. Lórí òkè lẹ́yìn abúlé ni àwókù ìlú àtijọ́ kan wà, pẹ̀lú àwọn òpó òkúta gàgàrà, àti ilẹ̀ tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ ya àwòrán ẹyẹ àti ẹja sí. Lesnes Abbey tó wà nítòsí ilé wa nìkan ni àwókù tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ la ti ń ṣe eré bojúbojú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a jí, Màmá ò sí lórí bẹ́ẹ̀dì. Mọ́mì wọ aṣọ àwọ̀sùn sáré jáde, èmi náà tẹ̀lé wọn. Etí òkun la ti bá Màmá lórí àpótí onígi, ìyá Àǹtí Eleni wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn méjèèjì ń ha ìpẹ́ ẹja. Ìyá náà ń sọ Gíríìkì, Màmá ń sọ Yorùbá, kò sì sẹ́ni tó ń dákẹ́ fún ẹnì kejì. Mọ́mì fẹ́ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ Màmá, wọ́n ní ìsinmi la bá wá. Màmá ní kí ni wọ́n rò pé òun ń ṣe.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, gbogbo wa gun òkè lọ wo àwókù náà. Àwọn ìyá méjèèjì jókòó sórí òpó kan tó ti wó. Aṣọ dúdú ni ìyá Àǹtí Eleni máa ń wọ̀ ní gbogbo ìgbà. Màmá fọwọ́ kan aṣọ náà, wọ́n sì wò ó lójú. Ìyá náà gbé ọwọ́ sókè, ó fi òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ hàn, lẹ́yìn náà ó tọ́ka sí ilẹ̀. Màmá wo òrùka tiwọn. Àwọn náà tọ́ka sí ilẹ̀.

Ìgbà náà ni ẹkún Màmá bú jáde. Ó ń dún láàárín àwọn òpó náà bí ẹni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sun ún. Mọ́mì fẹ́ sáré lọ bá wọn, ṣùgbọ́n Àǹtí Eleni di ọwọ́ wọn mú. Ìyá rẹ̀ ò pàrọwà fún Màmá, kò nu omijé wọn. Ó kàn sún mọ́ wọn, ó sì fi èjìká gba orí wọn, títí oòrùn fi wọ̀.

Nígbà tí Màmá sunkún tán, wọ́n fi etí ìró nu ojú, wọ́n sì yíjú sí Mọ́mì.

"Ebi ń pa mí," wọ́n wí.

Ẹja yíyan tí wọ́n fún ọsàn kíkan sí lára ni Màmá fi jẹ búrẹ́dì lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì ní kí wọ́n fi òmíràn kún un. Mọ́mì wá di ẹni tí ń sunkún nínú kíṣìnnì.

Màmá padà sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì tún dáná ẹja wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ìyá méjèèjì ti di olóògbé báyìí. Nígbà tí mo kó àwọn ọmọ mi lọ wo abúlé náà, òtẹ́ẹ̀lì ti gba etí òkun, íńtánẹ́ẹ̀tì ni àwọn ọmọ mi sì kọ́kọ́ bèèrè kí wọ́n tó wo omi. Ṣùgbọ́n àwọn òpó ṣì wà lórí òkè, òkun ṣì mọ́ gaara, àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ sì ṣì ń kí àlejò bí ẹni tí wọ́n ti ń retí. Mo máa ń rò ó pé àwa tí a gbọ́ èdè ara wa nínú ilé, a ò mọ ohun tí a lè sọ fún Màmá.

Nígbà tí mo dàgbà, kí Màmá tó kú, mo lọ kí wọn ní Ẹ̀pẹ́, mo sì bi wọ́n léèrè pé kí ni orúkọ ọ̀rẹ́ wọn ti Kípírù.

"Mi ò mọ orúkọ ẹ̀," wọ́n ní. "Òun ni mo mọ̀."