Ọwọ́ Òsì Ló Fi Gba Omi Lọ́wọ́ Ọmọ Mi

Ọwọ́ òsì ni ọmọ kékeré kan nà sí ọmọ mi níbi eré kẹ̀kẹ́. Ojú mi ló ṣe, lórí tẹlifíṣàn, nínú pálọ̀ wa ní Spring, lẹ́bàá Houston, mo sì fò dìde bí ẹni tí èèrà ta. Ọmọ mi ti rọra padà sẹ́yìn síbi ọkọ̀ ẹgbẹ́ wọn, ó gba ike omi bíi mélòó kan, ó ki wọ́n bọ inú ẹ̀wù níwájú àti lẹ́yìn títí ó fi wú bí aboyún, ó wá fi agbára káká gun kẹ̀kẹ́ padà dé iwájú. Ó na ike kan sí ọmọ kékeré yẹn. Ọmọ kékeré yẹn kò tilẹ̀ wojú rẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì, ó já a gbà, ó mu díẹ̀, ó da ìyókù sórí ara rẹ̀, ó sì ju ike sínú koríko.

"Dádì, ṣé ẹ rí nǹkan tí ọmọ yẹn ṣe?" ni mo bi ọkọ mi.

"Mo rí i. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́."

Ọkọ mi kì í pariwo. Ẹnjinía ni, iléeṣẹ́ epo kan nítòsí ilé wa ló ń bá ṣiṣẹ́, ó sì gbà pé kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ láyé tí kò ní ìdí. Èmi ní tèmi, apòògùn ni mí, mo sì tètè máa ń bínú. Àwọn tó ń gba oògùn lọ́wọ́ mi ní ilé oògùn wa ní The Woodlands mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òwúrọ̀ Houston ni eré náà máa ń bọ́ sí, nígbà tí ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ tiwọn, ìdí nìyẹn tí mo fi gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ kí n lè wo ọmọ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo din àkàrà, mo po ògì, mo gúnwà sórí àga. Ara mi ti yá gágá kí ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì tó bà á jẹ́.

Eré kẹ̀kẹ́ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ni, ní òkè téńté ilẹ̀ Nọ́wè, níbi tí oòrùn kì í fẹ́ẹ́ wọ̀ lásìkò ooru wọn. Lójoojúmọ́, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ láti ìlú kan dé òmíràn, láàrin òkun àti òkè. Wọ́n á ro àkókò gbogbo ọjọ́ pọ̀, ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù ló gba ife. Kì í ṣe eré ọmọdé o, iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni. Ẹgbẹ́-ẹgbẹ́ ni wọ́n ń lọ, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ẹnì kan tí wọ́n gbójú lé pé ó lè gbà á. Àwọn yòókù á máa gbé omi fún un, wọ́n á máa ṣíwájú rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa lù ú. Nínú ẹgbẹ́ tọmọ mi, ọlọ́wọ́ òsì yẹn ni ẹni náà, ọmọ bíbí àgbègbè yẹn gan-an. Ọmọ mi wà lára àwọn tó ń gbé omi.

Ó ti ṣàlàyé iṣẹ́ yìí fún mi rí. Mo ń mi orí, bí àwọn oníbàárà mi ṣe máa ń mi orí tí mo bá ń ṣàlàyé oògùn fún wọn, tí wọ́n á wá délé lọ lo gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí kò sọ fún mi ni ọjọ́ orí. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣàn ló tú àṣírí: ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni ọ̀gá tí wọ́n ń gbé omi fún. Tèmi ti ń kan ilẹ̀kùn ọgbọ̀n. Àkọ́bí mi! Ẹ̀gbọ́n ń gbé omi fún àbúrò, àbúrò ń fi òsì gbà á. Inú ń bí mi débi pé mo ti àwo àkàrà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Bó ṣe wọ òtẹ́ẹ̀lì báyìí ni mo pè é.

"Ta ni àgbà nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

"Good afternoon, Mummy. I'm fine, thank you."

"Mo bi ọ́ ní ìbéèrè."

"Èmi ni. But Mummy, kò sí bẹ́ẹ̀ níbí. He's the leader. Omi tí mò ń gbé fún un, that's literally my job."

"Máa gbé e fún un. Ṣé mo ní kí o má gbé e ni? Kí ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á ni mo wí."

"Both hands? Lórí bike? Mummy, he'll crash!"

Ẹ̀rín pa á. Ọkọ mi náà ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, mo yíjú wò ó, ó dákẹ́. Ọmọ mi wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní àdéhùn òun pẹ̀lú ẹgbẹ́ yóò parí lópin ọdún, alákòóso ẹgbẹ́ wọn sì ti sọ pé lẹ́yìn eré yìí làwọn máa pinnu bóyá àwọn á dá òun dúró tàbí àwọn á ní kí òun máa lọ. "Mummy, if he wins, I'm good. Tí kò bá win, ó parí nìyẹn. Nobody signs a guy my age."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ẹni tí mò ń bínú sí, òun náà ni mo wá gbọ́dọ̀ máa gbàdúrà fún.

Kí ẹ tó bi mí kí ló gbé ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Houston dé ìdí kẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Houston kò ní òkè. Ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ. Òkè tí ọmọ mi kọ́kọ́ gùn ni gáréèjì ìgbọ́kọ̀sí alájà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oògùn wa. Á gun kẹ̀kẹ́ dé òkè pátápátá, á sọ̀kalẹ̀, á tún gùn ún, títí tí sìkiọ́rítì á fi lé e jáde. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni òkè tiwa gan-an. Afẹ́fẹ́ tó ń ti etí òkun wa bọ̀, kò sí igi tó dá a dúró, ọmọ mi á gbé kẹ̀kẹ́ kojú rẹ̀ lójú títì gbalasa títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kó ṣe ẹnjinía. Ó kàwé ẹnjinía jáde, ó kó ìwé-ẹ̀rí lé wa lọ́wọ́, ó ní ẹ ṣeun, ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ sí Yúróòpù. Mo sunkún nígbà náà. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé nǹkan yìí ló ń mú un láyọ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, hẹlikọ́pítà ń ya àwòrán etíkun láti òkè, mo rí àwọn igi tí wọ́n kàn pọ̀ gàgàrà-gàgàrà létí omi, òfìfo ni wọ́n. Olùsọ̀rọ̀ ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sá ẹja gbẹ nígbà òtútù.

Mo lu àga. "Dádì! Pánlá! Ibi tí pánlá ti ń wá rè é!"

Ọkọ mi yọ awò ojú rẹ̀, ó sún mọ́ tẹlifíṣàn. "Ó dà bẹ́ẹ̀ o."

Láti ìgbà tí a ti wà ní àdúgbò Gulfton, tí àwa méjèèjì ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú yàrá kan tí aáyán pọ̀ jù wá lọ, ni mo ti ń fi pánlá se ẹ̀fọ́. N kò bi ara mi rí níbi tó ti ń wá. Olùsọ̀rọ̀ tún ní bàbá bàbá ọlọ́wọ́ òsì wà lára àwọn tó fi ẹja sísá ṣiṣẹ́ jẹun létí omi yẹn. Mo wo ọmọ náà dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Ó tín-ín-rín, imú rẹ̀ pọ́n, ó dà bí ẹni tí ìyá rẹ̀ kò sí nítòsí. Síbẹ̀, òsì náà ló tún fi gba omi.

Lọ́jọ́ kẹta, òkè ńlá ni wọ́n gùn parí, ọmọ náà sì fò lọ bí ẹyẹ. Òun ló kọ́kọ́ dé, wọ́n wọ ẹ̀wù ẹni tó ń ṣíwájú sí i lọ́rùn. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ló fi ṣíwájú ẹni tó tẹ̀ lé e. Mo pariwo, mo jó, mo rántí ọwọ́ òsì, mo jókòó.

"Ìyàwó mi," ni ọkọ mi wí, "ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè."

"Ẹ má pòwe fún mi láàárọ̀ yìí, Dádì."

Ọjọ́ kẹrin ló wá kù. Afẹ́fẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ má bi mí! Ó ń ti orí òkun fẹ́ lù wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́, òjò wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí kẹ̀kẹ́. Ìdùnnú mú mi. Mo mọ afẹ́fẹ́ yẹn! Afẹ́fẹ́ ilé wa ni, òtútù ló kàn fi kún un. Àwọn tó lágbára sáré, àwọn agunkẹ̀kẹ́ já sí ìsọ̀rí méjì, ọmọ mi àti ọ̀gá rẹ̀ wà nínú ìsọ̀rí iwájú. Mo ti ń ki ọmọ mi lóríkì, ọkọ mi ń bá mi gbè é. Ibẹ̀ ni táyà ọlọ́wọ́ òsì ti jò.

Mo gbá orí mú. Àwọn tó wà níwájú kò dúró de ẹnikẹ́ni, wọ́n túbọ̀ tẹ̀ ẹ́ ni. Kámẹ́rà fi ọmọ náà hàn lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń pààrọ̀ táyà rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n. Kámẹ́rà tún padà síwájú, mo rí ọmọ mi. Ó ti fi ìsọ̀rí náà sílẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, ó dúró sínú òjò.

"Máa lọ! Kí lò ń dúró ṣe?"

"Ó ń dúró dè é ni," ni ọkọ mi wí. Ohùn òun náà ti yí padà.

Ọmọ náà dé, ọmọ mi bọ́ síwájú rẹ̀, wọ́n gbéra. Ẹ̀yin èèyàn mi! Ọmọ tí sìkiọ́rítì ń lé jáde ní gáréèjì! Ó tẹrí ba, ó fi àyà gba afẹ́fẹ́ yẹn fún àwọn méjèèjì, ọmọ kékeré fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Àlàfo náà ń dín kù, ó ń dín kù. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú tẹlifíṣàn, mò ń fọwọ́ gbá kápẹ́ẹ̀tì. "Fà á! Àkọ́bí mi, fà á lọ!" Ọkọ mi tí kì í pariwo ti gun orí àga, tòun ti bàtà.

Wọ́n bá wọn! Ọmọ kékeré yọ láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó wọ àárín ìsọ̀rí náà, wọ́n bá tiwọn lọ. Ọmọ mi ò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́. Orí rẹ̀ ṣubú sórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ìsọ̀rí ẹ̀yìn dé bá a, wọ́n kọjá lára rẹ̀, kámẹ́rà náà sì kọjá lára rẹ̀.

Ọlọ́wọ́ òsì dé láàrin àwọn àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú àáyá tó fi ṣíwájú kò dín, ife di tirẹ̀. Gbogbo àgbègbè pánlá ń hó. Èmi kò lè yọ̀ tán, nítorí wọ́n máa ń yọ orúkọ ẹni tó bá pẹ́ jù kó tó dé, bíi pé kò gun kẹ̀kẹ́ náà rárá. Ọkọ mi ń wo fóònù rẹ̀. "Ó ṣì wà lọ́nà," ló ń wí. "Ó ṣì wà lọ́nà."

Tẹlifíṣàn padà sí òpópónà ìparí. Mo retí kí ọmọ náà ti wà níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀bùn. Kò sí níbẹ̀. Ó dúró sójú títì nínú òjò, àwọn òṣìṣẹ́ ń fà á lápá kó máa bọ̀, kò lọ, ó di ike omi kan mú, ó ń wo ọ̀nà. Ọmọ mi yọ ní kọ̀rọ̀, òun nìkan ṣoṣo. Ó kù díẹ̀ kí àkókò tán, ó wọlé, ó fẹ́ ṣubú, wọ́n gbé e dúró. Ọmọ náà sáré lọ bá a. Ó tẹ orúnkún méjèèjì díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi fún un.

Ọwọ́ méjèèjì! Ọwọ́ kan ni ọmọ mi fi gbà á, gẹ́gẹ́ bí àgbà.

N kò mọ ohun tí mo wí. Ọkọ mi ní gbogbo àdúgbò gbọ́ mi.

Nígbà tí fóònù dún, ọmọ mi kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́. "Mummy. Daddy. They're keeping me. Manager wa sọ ọ́ fún mi just now."

Omi bọ́ lójú mi. Mo dúpẹ́, mo dúpẹ́, kí n tó wá bi í. "Ta ló kọ́ ọmọ yẹn ní ọwọ́ méjèèjì?"

"Èmi ni. After the first day. Mo sọ fún un pé mummy mi ń wò ó lórí TV, and she's really mad."

"Kí ló wá wí?"

"Ẹ̀rù bà á. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ yín. He's been practicing with his water at dinner."

Ọkọ mi ti bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Lẹ́yìn ọmọ mi, mo ń gbọ́ ariwo àwọn èèyàn, mo sì gbọ́ ohùn kékeré kan tó ń bi í ní nǹkan.

"Àbúrò rẹ ńkọ́?" ni mo wí. "Ṣé ó ti jẹun?"